Ìwé Jínótáìpù Kò Gbọdọ̀ Parí Sí Ọjọ́ Ìgbéyàwó

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Erékùṣù Èkó kì í kéde orúkọ ọkọ àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà títí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn, ìyẹn ìwé jínótáìpù, yóò fi tẹ pásítọ̀ lọ́wọ́, àwọn àáfà tó ń béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì náà sì wà. Bí ọkùnrin bá jẹ́ AS, tí obìnrin náà sì jẹ́ AS, wọ́n á pè wọ́n jókòó, wọ́n á là á yé wọn pé ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, pé wọ́n lè bí ọmọ SS. Ibòmíràn wà tí wọ́n á kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní so wọ́n pọ̀. Mo fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn, nítorí ó ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ ìbànújẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bi àwọn aṣáájú ẹ̀sìn wa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ni pé níbo ni ìwé náà ń gbà lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó? Ilé ìjọsìn tó gba ọ̀rọ̀ láábù gbọ́ nígbà tó fẹ́ dènà ọmọ SS, ṣé kò yẹ kó gba ọ̀rọ̀ láábù kan náà gbọ́ nígbà tí ọmọ náà ti dáyé, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀? Nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Tọkọtaya tí wọ́n sọ fún lánàá pé ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́, àwọn náà ni wọ́n ń sọ fún lónìí pé kí wọ́n da oògùn ọmọ nù, kí wọ́n fi ìgbàgbọ́ hàn.

Àwọn àgbà pe àìsàn ọmọ SS yìí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sickle cell, ní fòníkú-fọ̀ladìde, orúkọ náà sì ṣe rẹ́gí, nítorí ọmọ tó ń ké irora lóru bí ẹni tí kò ní mọ́jú lè máa gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa yẹ kó rí roboto, kó sì rọ̀, kó lè gba inú iṣan tóóró kọjá. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS, bí afẹ́fẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì náà bá ti dín, á le, á tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, á há sọ́nà. Ẹran ara àti eegun tó wà níwájú kò ní rí afẹ́fẹ́ gbà, ìrora tí àwọn ìyá ń pè ní kíráísì á dé. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara kì í sábà lò ju 10 sí 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kì í fi í tó, tí ẹyinjú rẹ̀ sì ń ní àwọ̀ ìyeyè. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2006 pé nǹkan bí ìdá mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló ń gbé AS kiri, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ SS là ń bí lórílẹ̀-èdè yìí lọ́dọọdún. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó ti bí SS lẹ́ẹ̀kan kò tíì san gbèsè tí mẹ́ta tó kù yóò fi bọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí èyí náà: ọ̀dọ̀ bàbá àti ọ̀dọ̀ ìyá ni SS ti ń wá, ó gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ àwọn méjèèjì wá. Síbẹ̀, ìyá nìkan ni wọ́n sábà máa ń gbé lọ sílé àdúrà kó lọ jẹ́wọ́.

A kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wa. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń jẹ́ jínótáìpù, àwọn ìdílé Yorùbá ti ń bí ọmọ tó ń wá tó ń lọ, wọ́n sì ti ń fi orúkọ bẹ̀ ẹ́: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòkúmọ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ka Kòsọ́kọ́ mọ́ àwọn orúkọ àbíkú, ìyẹn ni pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ sàréè mọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, mọ̀ pé ọba kan jẹ́ orúkọ yẹn lórí ìtẹ́ Èkó láàárín 1845 sí 1851. Mi ò sọ pé gbogbo àbíkú ni SS. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Esther Nzewi ṣe ìwádìí láàárín àwọn Ìgbò lórí 100 ọmọ tí ìdílé wọn pè ní ògbáńjẹ́, ìyẹn àbíkú lọ́dọ̀ tiwọn, 70 nínú wọn ló ní ẹ̀jẹ̀ SS. Èsì ìwádìí náà jáde ní 2001. Ìdí tí àṣìṣe náà fi rọrùn kò ṣòroó rí. Ọmọ SS kì í ṣàìsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá a wá láti inú oyún ṣì ń dáàbò bò ó fún oṣù mélòó kan. Á sanra, á rẹ́rìn-ín, gbogbo agbo ilé á máa gbé e jó. Nígbà tó bá ń sún mọ́ oṣù kẹfà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ibà á dé, láàárín ọjọ́ méjì ó lè dákẹ́. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní rò pé ńṣe ni ọmọ náà dájọ́ ìpadàbọ̀ rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run? Àwọn baba wa fi ojú inú wo ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì ń bẹ ọmọ náà títí. Ìbẹ̀bẹ̀ yẹn kò lè pa ọmọ lára. Ohun tí mo kọ̀ ni abẹ tí wọ́n fi ń sín in ní gbẹ́rẹ́, àti ọmọ ìka tí wọ́n ń gé kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìgbàgbọ́ tó kọ oògùn náà ní ìtàn, ìtàn náà sì yẹ ní sísọ láìsí ẹ̀gàn. Ní September 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn burúkú wọ etíkun Èkó, ó sì tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ilé ìwòsàn kò rí oògùn kankan tó kápá rẹ̀. Lákòókò yẹn ni àwọn ọmọ ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé Ọlọ́run nìkan ni àwọn yóò gbára lé fún ìwòsàn. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 June 1925, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún 18, Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, lọ wo ìwọ́de Kọ́pọ́sì Kírísítì àwọn Àgùdà ní Káḿpọ́sì, níhìn-ín ní Erékùṣù Èkó. Ó délé, ó wọ ojúran, kò sì jí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àdúrà oníwàásù kan, Mósè Orímọládé, ni wọ́n gbà pé ó gbé e dìde, ibẹ̀ sì ni ìjọ Kérúbù àti Séráfù ti ṣẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí àwọn ará Aládùúrà, ìyẹn àwọn ìjọ tó gbára lé àdúrà fún ìwòsàn, rí i pé àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí wọ́n pè wá láti Bìrìtìkó ń lo kúnínì fún ibà, ọ̀rọ̀ náà di ìjà ńlá, ó wà lára ohun tó bí ìjọ tí a mọ̀ lónìí sí Christ Apostolic Church. Ẹni tó bá ń pe àwọn baba yẹn ní aláìmọ̀kan kò mọ ohun tó ń sọ. Ní 1918, oníṣègùn kò ní nǹkan kan tó lè fún ẹni tí ọ̀fìnkìn yẹn mú ju omi àti ìsinmi lọ. Ẹni tó yan àdúrà lọ́jọ́ náà kò kọ ìwòsàn kankan sílẹ̀, nítorí kò sí èyí tó lè kọ̀.

Ti fòníkú-fọ̀ladìde kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 1986, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ọmọ SS kékeré bá ń lo pẹnisílínì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkóràn ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pa wọ́n jù á dín kù ní ìdá mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn olówó pọ́ọ́kú ni pẹnisílínì. Paludrin ojoojúmọ́ ń dènà ibà, folic acid ń ran ara lọ́wọ́ láti pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun. Hydroxyurea ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tètè tẹ̀: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé ìrora, àkóràn, ibà àti ikú pàápàá dín kù lára àwọn ọmọ tó ń lò ó. Àwọn oníṣègùn ní Kano àti Kaduna ti lò ó láti dáàbò bo ọpọlọ àwọn ọmọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ń dọdẹ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì ń sọ pé ọmọ SS kì í kọjá ọdún 21, kó béèrè nípa Alhaja Asiata Oníkòyí-Laguda, ìyá Èkó tí àwọn ìwé ìròyìn gbé ìtàn rẹ̀ jáde pé ó ti lé ní 90 ọdún pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ SS. Nítorí náà, ẹni tó bá gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ lónìí tó ní òun ń tọ ipasẹ̀ àwọn baba 1918, kó tún èrò rẹ̀ pa. Ohun tí kò sí nígbà tiwọn ló ń jù sínú ọ̀sà.

Kì í sì í ṣe oògùn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ nìkan ló ń dun èèyàn. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń ṣe ní orúkọ àdúrà ló ń dá ìrora yẹn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun mẹ́rin tó sábà máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ni àìmu omi tó, òtútù, àárẹ̀ àti ibà. Ẹ wá wo ìlànà tí wòlíì kan lè fún ìdílé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó: ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ náà kò ní fi omi kan ẹnu, àìsùn nínú ilé àdúrà tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lóṣù keje tí òjò ò dá, ìwẹ̀ omi tútù ní ìdájí, àti orí ẹní láìsí àwọ̀n ẹ̀fọn. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pé. Bí ọmọ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké ìrora, wọ́n á ní ẹ̀mí àìrí tó wà lára rẹ̀ ló ń bá ẹ̀mí Ọlọ́run jà, wọ́n á sì fi ọjọ́ méjì kún ààwẹ̀ náà. Èyí kọjá kí a máa pè é ní àṣejù. Ara ọmọ ló ń sọ fún wa pé omi ni òun ń fẹ́. Ó yẹ kí aṣáájú ẹ̀sìn tó mọ jínótáìpù dáadáa débi tó fi lè dá ìgbéyàwó dúró mọ èyí náà. Àwọn àáfà mọ̀ pé ààwẹ̀ Ramadan kò di ọ̀ranyàn lé ọmọdé tàbí aláìsàn lórí. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ jáde lórí míńbárì, pẹ̀lú orúkọ àìsàn náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé tí ojú ń tì láti jẹun níwájú ẹgbẹ́ wọn yóò rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Mo mọ ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ dá mi lóhùn: pé mo ń dín agbára Ọlọ́run kù, pé ẹ̀rí wà, pé ọmọ báyìí báyìí jẹ́ SS lánàá, ó ti di AS lónìí, ìwé rẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìwé náà wò. Ọmọ SS tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ní ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, tó sábà máa ń jẹ́ AA, ti dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí láábù kí nǹkan bí oṣù mẹ́ta tó kọjá, A àti S ni ẹ̀rọ yóò rí, AS ni wọ́n á kọ. Ìrísí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ló wà nínú ìwé yẹn. Bí sẹ́ẹ̀lì àlejò bá ti kú tán, SS á tún hàn. Láàárín ìgbà náà, ìyá ti jẹ́rìí lórí pẹpẹ, ó ti kó Paludrin dànù, ìtìjú kò sì ní jẹ́ kó tètè padà sí kílíníkì nígbà tí ara ọmọ bá tún gbóná. Mi ò sọ pé Ọlọ́run kò lè ṣe é. Ohun tí mo ń béèrè ni irú ẹ̀rí tí ilé ìjọsìn náà fúnra rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà: ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n lọ tún àyẹ̀wò ṣe ní láábù kejì. Tí a bá ń ṣiyèméjì láábù nítorí ìgbéyàwó, a kò gbọdọ̀ gbà á wọlé láìbi í léèrè nítorí ẹ̀mí ọmọ. Nínú Bíbélì pàápàá, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ọdún 15 sí i fún Hesekáyà ọba, Wòlíì Aísáyà ṣì ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo rẹ̀. Ìlérí ti wà nílẹ̀, oògùn kò sì di ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ ọ̀rọ̀ ràkúnmí tó yẹ kí èèyàn so mọ́lẹ̀ kó tó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwọn àgbà tiwa náà sì ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọn yóò ní owó ni ìṣòro, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Pé ìyá tó ń pàtẹ ní Ìdúmọ̀tà kò lè máa ra hydroxyurea lóṣooṣù, pé àdúrà nìkan ni ọjà tí kò gbowó. Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, mi ò sì ní fi ẹnu pa á rẹ́. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Massey Street ti sìn àwọn ará Erékùṣù láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n ìdílé tí wọ́n bá ní kó lọ sí Ìdí-Àrábà, níbi tí àgbà oníṣègùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú, àti àwọn tí wọ́n jọ dá Sickle Cell Foundation sílẹ̀ ní 1994 fìdí iṣẹ́ wọn sí, gbọ́dọ̀ la afárá àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá pẹ̀lú ọmọ tó ń ké. Owó mọ́tò nìkan ti tó ìjà. Ṣùgbọ́n àdúrà tí wọ́n ní kò gbowó yẹn, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àbẹ́là, òróró, aṣọ, èso ìrúbọ, ẹ̀jẹ́, ọjọ́ ọjà tí ìyá fi ń sùn sílé àdúrà. Mo gbà pé àwọn ìdílé tálákà ń náwó lórí ìgbàgbọ́ wọn, wọ́n sì ń fi ìfẹ́ náà án. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan aṣáájú ẹ̀sìn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àpótí ọrẹ lè sọ pé apá kan nínú rẹ̀ á máa ra pẹnisílínì àti Paludrin fún àwọn ọmọ SS inú ìjọ.

Wọn á tún ní àgbo ńkọ́? Mi ò kórìíra àgbo. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò orin àtà, pákò tí àwọn ìyá wa ń rún lẹ́nu, lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ kó rí nínú ìgò àyẹ̀wò. Ẹjọ́ Rẹ́fẹ́réǹdì P. O. Ogunyale ló tilẹ̀ wú mi lórí jù. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, ó sì ní egbòogi fún àìsàn yìí: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti pòròpórò ọkà bàbà. Ó lè gbé e pamọ́, kó máa tà á fún àwọn ọmọ ìjọ pẹ̀lú àdúrà lórí rẹ̀. Ńṣe ló gbé e lé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ìjọba ní Àbújá lọ́wọ́ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dán an wò lára èèyàn, ó sì di oògùn oníkóró tí wọ́n gbé jáde ní 2006 ní orúkọ Nicosan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é kò pẹ́ tó fi kógbá sílé. Ọkùnrin yẹn kò rí ìdí kankan tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yóò fi bẹ̀rù àyẹ̀wò.

Àtakò kan ṣẹ́ kù tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìlànà ìgbéyàwó yìí jù: pé bí gbogbo èèyàn bá gbọ́ràn, kò ní sí ọmọ SS mọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n èsì láábù tó ṣìnà wà. Àwọn tó fẹ́ ara wọn kí wọ́n tó mọ̀ wà. Àwọn tó mọ̀, tí ìfẹ́ sì borí, wà pẹ̀lú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ tí a ti bí ti wà, ó sì ń gbọ́. Nígbà tí ìwàásù ìmọ̀ràn ìgbéyàwó bá ń pe irú rẹ̀ ní èso àìgbọràn, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jókòó láàárín ìjọ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Ó ṣeé ṣe kí a kìlọ̀ fún àfẹ́sọ́nà láìfi ọmọ olọ́mọ dẹ́rù bà wọ́n. A lè sọ pé àìsàn náà nira, ká sì sọ nínú gbólóhùn kan náà pé àwọn tó ní in wà láàárín wa, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń darúgbó.

Ibi tí mo rò pé ìwé jínótáìpù yẹ kó tún ti jáde ni ọjọ́ kẹjọ. Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sí èyí tí kì í pe àáfà tàbí pásítọ̀ sí ìsọmọlórúkọ. Àyẹ̀wò kíákíá ti wà báyìí tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti gìgísẹ̀ ìkókó tó fún, tí èsì rẹ̀ sì ń jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí tọkọtaya bá jẹ́ AS àti AS, kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà lórí oyin àti orógbó ọmọ náà béèrè ní kọ̀rọ̀, ṣáájú ọjọ́ náà, bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, bí ó ṣe béèrè tiwọn kó tó so wọ́n pọ̀. Bó bá jẹ́ SS, a ti mọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wú, pẹnisílínì á sì lè bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ náà tó pé oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ inú ìjọ, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni alára líle pọ̀ sí, lè máa lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí bàbá ọmọ náà má baà máa wá ẹ̀jẹ̀ kiri láago méjì òru. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ lè yan ẹni tó ní mọ́tò ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ní Ìtà Fájì, ní Òkè Àrìn, ní Ẹnu Ọwá, tí wọ́n á pè bí ìrora bá dé lóru. Kí wòlíì wá síbi bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà ní wọ́ọ̀dù, kó gbàdúrà níbẹ̀, kó sì bi ìyá rẹ̀ bóyá ọmọ ti mu omi.